Torí Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Ọládọ̀tun

Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1988, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí kì í ṣe pé èmi fúnra mi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó dópin ná. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ lè fi kọ́ ọmọbìnrin yín níbẹ̀, ẹ fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ rántí mi.

Adéjọkẹ́ ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlaró. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bámikẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, la jọ ń gbé inú yàrá kan, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Lọ́dún yẹn tí epo mọ́tò tún gbówó lórí, bọ́ọ̀sì ìjọ wa kò kúrò lójú kan mọ́. Pásítọ̀ Akínladé wá dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ní, "Ṣé bọ́ọ̀sì ni àwọn àpọ́sítélì wọ̀ ni? Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nílé nínú yín, kó lọ nu eruku ara rẹ̀."

Bí Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Ìhìnrere ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, kẹ̀kẹ́ bí ogún á tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á máa fi agogo kẹ̀kẹ́ gbe orin, wọ́n á gba ọ̀nà Pahayi lọ sí Ajílété tàbí Owódé, wọ́n á wàásù, wọ́n á bá àwọn ará ibẹ̀ jẹun, wọ́n á sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Ìwàásù ni a bá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, ẹ̀rín ojú ọ̀nà náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn méjì tí kì í kí ara wọn nínú ìjọ, bí ṣéènì ọ̀kan bá já lọ́nà Pahayi, èkejì ni yóò bá a di kẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tí wọ́n á fi dé Ajílété, ìjà ti parí.

Bọ̀dá Ọládọ̀tun ni aṣíwájú ẹgbẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ní pólì. Ó ga, ó dúdú, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ló sì máa ń fi há ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́. Aṣíwájú ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá rẹ̀ jù lọ. Ìwà yẹn ló kó sí mi lórí.

Òfin kan wà. Ẹni tí kò bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ aṣíwájú ni yóò jókòó sí, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n rọra gùn jù. Pásítọ̀ ló gbé òfin náà kalẹ̀ kí àwọn sístà má baà máa yan ẹ̀yìn ẹni tó bá wù wọ́n. Àyè ẹnìkan ló wà níbẹ̀, Bámikẹ́ ló sì ni ín. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìró rẹ̀ kó sínú táyà kẹ̀kẹ́, ó fà á lulẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá di hándù kẹ̀kẹ́ mú lásán, á tún yára jù ú sílẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lọ, Bọ̀dá Ọládọ̀tun wá bá mi.

"Sístà Adéjọkẹ́, ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Ṣé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn? Ọ̀kan wà níbẹ̀ yẹn tí ẹni tó ni ín kò wá."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. Ọmọ Agosasa ni mí. Nílẹ̀ Ẹ̀gbádò tiwa lọ́hùn-ún, létí ẹnubodè, kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́ mi. Nígbà tí mo pé mẹ́tàdínlógún, mò ń gbé àpò gàrí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́ kọjá ẹnubodè sí Ìgólò, tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á máa júwọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n mo wo ojú Bọ̀dá Ọládọ̀tun. Mo wo àyè tó ṣófo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ahọ́n mi sì yí.

"Èmi kẹ̀? Kẹ̀kẹ́? Háà! Bí mo bá rí i báyìí, òòyì ló ń kọ́ mi."

Bámikẹ́ ti gbé ọwọ́ lé ìjókòó náà tẹ́lẹ̀. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Jọkẹ́, o ò sọ fún mi rí! Ó dáa, ìwọ jókòó. Èmi á dúró ti àwọn ọmọ kékeré ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣáà ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn lórin."

"Rárá o, Bámikẹ́, ìwọ lo ni ibẹ̀."

"Jókòó, jàre. Ta ló mọ ìbẹ̀rù kẹ̀kẹ́ bíi tèmi?"

Mo jókòó.

Ẹ̀yin sístà tí ẹ kò bá tíì jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, oko ń sá lọ sẹ́yìn, òórùn ọṣẹ ń jáde lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí a bá sì ti wọ Pahayi, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ létí ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

"Bọ̀dá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra o, ẹyin lẹ gbé!"

"Ìyàwó, di ọkọ mú dáadáa, ihò wà níwájú!"

Bọ̀dá Ọládọ̀tun á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ìjọ lásán ni o."

"Ọmọ ìjọ náà ni a ń fẹ́ níyàwó!"

Ojú á tì mí, inú mi á sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fẹ́ kí ihò náà wà níwájú lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó yí ojú díẹ̀ sẹ́yìn. "Sístà, ẹ fúyẹ́ o. Ibi tí mo bá fì sí lẹ ń bá mi fì sí. Bí Sístà Bámikẹ́ bá jókòó, bí àpò sìmẹ́ńtì ló ń rí."

Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn nìkan ní í fì bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó bí àpò sìmẹ́ńtì.

Ìdààmú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oore rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní kò yẹ kí n máa bẹ̀rù títí ayé, òun á máa kọ́ mi ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá?

Bí mo ṣe di olùṣubú nìyẹn. Mo ṣubú sínú koríko. Mo ṣubú sórí ebè ilá ìyàwó Pásítọ̀, gbogbo ilá náà ló sì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ara tó ti mọ kẹ̀kẹ́ kì í gbàgbé. Bí mo bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ wà á, ìbàdí mi á fẹ́ gbé e dúró. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó mọ nǹkan láti máa ṣe bí òpè.

Bọ̀dá Ọládọ̀tun á sáré wá. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹ ti ṣe dáadáa. Ti òní sàn ju ti àná lọ."

Bámikẹ́ á gbé omi kaná nílé, á máa fi aṣọ jó orúnkún mi.

"Ó yé mi, Jọkẹ́. Má dá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lóhùn. Kò sẹ́ni tó yé bíi tèmi."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Orúnkún mi ni mò ń wò.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìjọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Pásítọ̀ Akínladé ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ẹ̀mí ìbẹ̀rù kẹ̀kẹ́, jáde!"

"Jáde!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

"Mo ní kí o fi ọmọ yìí sílẹ̀!"

"Fi í sílẹ̀!"

Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀mí kan wà nínú mi tó yẹ kó jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ń gun òkè kan lọ sí Ajílété, mo gbọ́ tí ikùn Bọ̀dá Ọládọ̀tun ń kùn. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò jẹun ni?"

"Ọjọ́ kẹta rèé. Ọ̀rọ̀ kan ni mò ń bá Bàbá sọ."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó wa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. "Ìwọ."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ìwọ. Mo jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹni tí ebi ń pa fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí irọ́ mi ń wà gun òkè. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó fẹ́ràn mi." Bí ọkàn ènìyàn ṣe lè dọ̀tí tó nìyẹn.

Ní oṣù kẹwàá, ó dá mi dúró lẹ́yìn ìpàdé.

"Mo ti sọ fún Pásítọ̀. Bí o bá gbà fún mi, ọjọ́ ìsinmi kejì nínú oṣù kọkànlá, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa wá kí bàbá rẹ ní Agosasa."

Mo gbà kó tó sọ ọ́ tán. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ro ọ̀rọ̀ náà dópin. Agosasa! Níbi tó jẹ́ pé bí àlejò bá wọ àdúgbò wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi hàn án ni ibi tí mo ti fi kẹ̀kẹ́ ya ògiri!

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí n lọ bá a, kí n sọ òótọ́. Mo lọ lóòótọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo la ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń fi àkísà nu kẹ̀kẹ́, ó ní, "Mo ń tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fún ọ, mo fẹ́ fi tìmùtìmù sí i." Mo pa ẹnu dé.

Ọ̀nà kejì ni kí n rí ìwòsàn kí oṣù kọkànlá tó dé.

Mo rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní pápá, lójú Pásítọ̀ àti ènìyàn mẹ́wàá, mo gun kẹ̀kẹ́, mo pariwo "Jésù!" mo sì yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó Pásítọ̀ gbé ìró rẹ̀ sókè, ó ń sá tẹ̀ lé mi. Bọ̀dá Ọládọ̀tun kúnlẹ̀ sínú eruku.

Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n pè mí jáde kí n wá jẹ́rìí. Mo jẹ́rìí, mo fi omijé sí i, mo ní mo gbóná láti orí dé ẹsẹ̀, mo ní ìwúwo kan fò lára mi. Mo ti gbọ́ ìwàásù nípa Géhásì àti Sáfírà, àwọn òpùrọ́ inú Bíbélì, ju ogún ìgbà lọ. Síbẹ̀, mo dúró lórí pẹpẹ, ohùn mi kò gbọ̀n.

Ẹni tó sunkún jù lọ nínú ìjọ lọ́jọ́ náà ni Bámikẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, mo bá a lórí àga. Wọ́n ti fi igi àti báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ ìkórè àwọn ènìyàn wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí òkè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì lápá.

"Bámikẹ́! Kí ló ṣe ọ́?"

Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Mo lọ yá kẹ̀kẹ́ ìyàwó Pásítọ̀. Mo ní Ọlọ́run tó ṣe é fún Jọkẹ́, ṣé kò ní ṣe é fún èmi náà? Mo gùn ún níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wọn. Mo pariwo 'Jésù' bí o ṣe pariwo rẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó kán. Bóyá ìgbàgbọ́ mi ni kò tó."

Ẹ̀yin ará, àsìkò nìyẹn. Bí mo bá ní ẹ̀rí ọkàn tó tó èso ata, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Pẹ̀lẹ́."

Sátidé dé. Ìrìn ọpẹ́ ni, a sì ń lọ sí Owódé. Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ tèmi, àárín ẹgbẹ́ ni wọ́n fi mí sí bí ìyàwó tuntun. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí àwọn ará ilé Bọ̀dá Ọládọ̀tun lọ sí Agosasa. Ọjà Owódé kún. Ìrẹsì ń wọlé láti òdìkejì ẹnubodè, àwọn èrò ń fi Faransé àti Yorùbá ná ọjà pa pọ̀. Pásítọ̀ gbé gbohùngbohùn, àwọn ènìyàn pé jọ, ó sì nawọ́ sí mi.

"Ẹ wo arábìnrin yìí! Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bó bá rí kẹ̀kẹ́, òòyì ló ń kọ́ ọ. Lónìí, ó gùn ún wá láti Ìlaró!"

"Halelúyà!"

"Felo!"

Ohùn kan ni, láti ẹ̀yìn èrò. Mo mọ ohùn náà kí n tó rí ojú. Felo ni àwa ará ẹnubodè ń pe kẹ̀kẹ́, a gbà á lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé. Èmi ni Agosasa sì ń pè bẹ́ẹ̀.

"Adéjọkẹ́ Felo! Ìwọ nìyí?"

Ìyá Sàlímọ́tù ni, aládùúgbò wa tó ń ta ìrẹsì. Ó ń fi ara ya èrò, ìbòrí rẹ̀ funfun báláú, abọ́ ìrẹsì ń bẹ lórí rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, ìyá wa," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ wá bá wa dúpẹ́. Olúwa ló gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ìbẹ̀rù kẹ̀kẹ́."

"Ìbẹ̀rù kí ni?"

"Kẹ̀kẹ́, mà."

Ìyá Sàlímọ́tù sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àlùfáà, ẹ má bínú o. Mùsùlùmí ni mí, mi ò mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbé èmi gan-an lẹ́yìn felo láti Agosasa dé Ìgólò lọ́jọ́ tí mọ́tò kọ̀. Èmi tí mo sanra tó báyìí! Mò ń ké 'Yéè, Ọlọ́run ọba,' òun ń kọrin!"

Ọjà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan pariwo pé, "Bóyá ìbejì rẹ̀ ni, ìyá!"

"Ìbejì wo? Ojú àpá rẹ̀ ń bẹ ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, níbi tó ti kọlu ewúrẹ́ Bàrúwà!"

Mo fi ọwọ́ òsì bo ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún.

Ọwọ́ mi ló jẹ́wọ́ kí ẹnu mi tó jẹ́wọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló rí i. Ìyá Sàlímọ́tù náà rí ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ kú.

"Adéjọkẹ́, kí ló dé? Ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ ni?"

"Rárá, ìyá. Òótọ́ lẹ sọ."

Pásítọ̀ sọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Kò sí àgbà tó tóbi bí ẹni tí ojú tì níwájú ọjà tí kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kò sẹ́ni tó lu agogo lọ́jọ́ náà. Nígbà àkọ́kọ́, Bọ̀dá Ọládọ̀tun ló wà níwájú. Ó di ẹ̀yìn Ajílété kó tó fà sẹ́yìn, tó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Nígbà tí mò ń gbààwẹ̀, o mọ̀ pé kò sí ìbẹ̀rù kankan?"

"Mo mọ̀."

"O jókòó sẹ́yìn mi, o mọ̀."

"Mo jókòó."

"Ìfẹ́ tí o ní o ní sí mi ń kọ́? Ṣé kò ní sí ẹni tó máa jáde lọ́jà kan lọ́la, tó máa ní ìyẹn náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Òótọ́ ni ìyẹn, Bọ̀dá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe pa irọ́ tó kù."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. "Mi ò ní lè wá sí Agosasa. Bí o bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ẹlẹ́rìí ni mò ń wá sí i. Mi ò lè gbé ilé pẹ̀lú ẹni tí mò ń wá ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn tó rẹ̀.

Kí àwọn mìíràn tó sọ ọ́ fún Bámikẹ́, mo sáré délé, mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí pẹpẹ. Ó gbọ́ ọ tán.

"Omi tí mò ń gbé kaná fún orúnkún rẹ."

"Mo mọ̀."

"Mo ní ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. O dúró níbí, o gbọ́ ọ. O ní pẹ̀lẹ́."

Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ilẹ̀kùn.

"Jáde fún mi, Jọkẹ́. Mo fẹ́ sunkún. Bí mo bá sun ún tán, màá pè ọ́. Aṣọ wà tí a máa rán."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, mo di ọwọ́ ọ̀tún Bámikẹ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì darí aṣọ, èmi ń yí ẹ̀rọ. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì ju "Yí i" àti "Dúró" lọ. Àfi ìrọ̀lẹ́ kan tí mo gbàgbé ara mi, tí mò ń yí i kíkankíkan.

"Mo ní rọra!" ló wí. "Ṣé Ìgólò lò ń lọ ni?"

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ tó kán náà sì ń dùn ún bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún tèmi.

Mo padà sórí pẹpẹ, mo kó ẹ̀rí mi jẹ. Pásítọ̀ yọ mí nínú akọrin fún oṣù mẹ́ta. Mo lọ sílé lọ sọ fún bàbá mi pé àwọn àlejò kò wá mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Àgbà náà mi orí títí.

"Adéjọkẹ́," ló wí, "torí kí o má baà ní láti jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ni mo ṣe kọ́ ọ."

Mo ti gbọ́ ìwàásù láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọ̀kan wà tó gún mi tó ìyẹn. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sí mi lẹ́sẹ̀ ni mo fi pamọ́ bí ohun ìtìjú, kí ọkùnrin lè ṣàánú mi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń dín ọgbọ́n yín kù kí ẹnìkan lè fẹ́ràn yín, ẹni tó fẹ́ràn àìmọ̀kan yín kò tíì pàdé yín. Bọ̀dá Ọládọ̀tun ì bá fẹ́ràn mi lórí kẹ̀kẹ́ tèmi. Èmi ni n kò fún un láyè.

Nígbà tí mo padà sínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ní oṣù kọkànlá náà, Pásítọ̀ ní, "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n gùn tó báyìí, ìwọ ni wàá máa ṣáájú lọ wo ọ̀nà fún wa." Mo ń lọ, mo ń padà wá sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Bí mo bá ní ó dára, Bọ̀dá Ọládọ̀tun á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣé, sístà. Bọ̀dá Ọmọ́délé, ẹ bá mi yọjú wò ó." "Sístà" náà ló tún padà ń pè mí. Bí mo bá ní kò dára, bákan náà. Oṣù méje gbáko. Mi ò bínú. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń sọ ohun tí mo bá rí, kò lé, kò dín.

Lọ́dún yìí, nínú oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. A ń lọ sí abúlé kan tó wà lẹ́yìn odò kékeré kan, afárá onípákó ló sì wà lórí rẹ̀. Mo ṣáájú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó náà, ó mì tìtì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, omi ti gbá òpó kan lọ nísàlẹ̀.

Mo padà. "Kò ṣeé gbà. Pákó wà lókè, ṣùgbọ́n òpó ìsàlẹ̀ ti lọ."

Láti ibi tí a dúró sí, gbogbo wa ló ń rí afárá náà. Ó dúró ṣánṣán, oòrùn ń ràn sórí rẹ̀. Ọ̀nà kejì jẹ́ máìlì mẹ́rin, inú ẹrẹ̀.

Bọ̀dá Ọmọ́délé rẹ́rìn-ín. "Èyí tó dára báyìí? Ẹ jẹ́ kí n lọ yọjú wò ó."

Bọ̀dá Ọládọ̀tun wo afárá náà. Ó wò mí. Ó sì yí hándù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà ẹrẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ lọ," ló wí. "Adéjọkẹ́ ní kò ṣeé gbà."

Ogún kẹ̀kẹ́ yí padà tẹ̀ lé e. Èmi ò lè gun tèmi, ojú mi kò ríran fún omijé, mo ń tì í lọ́wọ́ ni. Ó dúró dè mí, ó sọ̀ kalẹ̀, òun náà ń ti tirẹ̀. A rìn bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí tí orin àwọn tó kù fi jìnnà.

"Bàbá rẹ," ló wí, "ọjọ́ wo ló máa ń wà nílé?"

"Ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn."

Kò bi ẹlòmíràn wò.